Ẹni ọdún 63 tó fẹ́ gbin kòkó: ṣé ó bá ìgbàgbọ́ mu?

Tíṣà Òkè-Àró:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ tí ẹ sì tún mọ ọ̀nà oko.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 63 sì ni mí. Ọmọ Ìdànrè ni bàbá mi. Ó fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Aládé, owó kòkó yẹn ló sì rán mi lọ sí Adéyẹmí l'Óńdó nígbà tí mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n oko ti di igbó báyìí. Àwọn igi tó kù ti darúgbó, òmíràn ti kú lórí ìdúró, àfòmọ́ ti gba orí àwọn yòókù. Èrò mi ni pé kí n fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ro oko náà, kí n gé àwọn arúgbó igi kúrò, kí n sì gbin tuntun. Kì í ṣe torí pé owó kòkó lu sánmà ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, tí àárò oko bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo èèyàn. (Bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà gbọ́ iye yẹn, etí mi ò di.)

Ohun tó wá dá mi dúró nìyí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ohùn báàsì la jọ ń kọ. Ó wá síbi ìdánrawò orin lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bá olórí akọrin jiyàn lórí ibi tó yẹ ká ti mí nínú orin kan, a rẹ́rìn-ín, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, alágbàfọ̀ gbé ẹ̀wù akọrin rẹ̀ wá sílé. Ó ti lọ̀ ọ́, ó ti fi ọ̀rá bò ó, ó ń béèrè owó rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó olóògbé wọ yàrá, ó mú owó jáde, ó gba ẹ̀wù náà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi wà lórí àga níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ sọ pé n óò ṣe nǹkan báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, ahọ́n mi á wúwo. Mo mọ ohun tí Jákọ́bù sọ ní orí 4, pé ìkúùkù ni wá, pé kí á máa sọ pé "bí Olúwa bá fẹ́". Ṣùgbọ́n ẹnu lásán la sábà fi ń sọ ọ́. Sáàmù 90, tí wọ́n ní Mósè ló kọ ọ́, ní àádọ́rin ọdún, bí agbára bá wà, ọgọ́rin. Mósè alára lo 120. Bí mo bá ka tèmi sí 70, ọdún 7 ló kù. Kòkó tuntun ò ní so ohun tí èèyàn lè pè ní èso kí ọdún mẹ́ta tó pé, kó tó wá di oko gidi ńkọ́?

Mo sọ ọ́ fún àgbà ìjọ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi kòkó ṣe? Ẹ gbin ewédú." Òmíràn ní kí n kó owó náà sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìṣúra ọ̀run nìyẹn. Àwọn ọmọ mi, ọ̀kan l'Ékòó, ọ̀kan ní Kánádà, ní kí n ta ilẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ló ní kí n gbìn ín, ó sì fi kún un pé kí n má retí pé òun máa bá mi lọ sóko.

Ìbéèrè mi nìyí: ẹni tó mọ̀ pé òun lè má jí lọ́la, tó sì fẹ́ rìn bó ti tọ́ níwájú Ọlọ́run, ṣé ó yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń pẹ́ so? Àbí kí n mójú kúrò níbẹ̀, kí n máa palẹ̀ mọ́?

Ajíhìnrere Ọ̀nà Iléṣà:

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, bàbá. Mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọjọ́ ti lọ. Ẹ ka Lúùkù 12, ọkùnrin tí oko rẹ̀ so wọ̀ǹtìwọnti, tó ní òun máa wó àká òun láti kọ́ èyí tó tóbi jù. Òru ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n béèrè ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ wo Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ róólà ni, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló ń tẹ̀ ní 1928 nígbà tí ìpè dé. Kò ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun parí ọ̀nà ná. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ. Ní 1959 ó sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún 55 péré. Ká ní ó dúró dé ìgbà ìfẹ̀yìntì ni, ta ni ìbá wà nídìí ìsọjí ńlá tó ṣẹlẹ̀ n'Íléṣà ní 1930? Owó kòkó yín, ẹ jẹ́ ká fi ra ìwé ìléwọ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ká jọ jáde lọ sí àwọn abúlé. Ọkàn èèyàn nìkan ló ń pẹ́.

Ìyá Télọ̀ Ọjà Ọba:

Bàbá Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Olúwa á dá ẹ̀yin sí.

Ajíhìnrere, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ tún Lúùkù yẹn kà. Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ̀ torí pé ó dáko. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀: èso mi, àká mi, ẹrù mi, ọkàn mi. Kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí alágbàṣe, kò sí aládùúgbò kan tó wá tọrọ iyọ̀. Òun nìkan ló ń bá ara rẹ̀ ṣèpàdé. Nígbà tí ohùn wá dé, ó bi í pé àwọn nǹkan tó pèsè sílẹ̀ yìí, ti ta ni yóò jẹ́? Kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ bi bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kú nínú oṣù Kejìlá, Kérésì ti wọlé tán. Èèyàn Ọlọ́run ni. Àdúrà la fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ṣùgbọ́n orí ló fi ń mọ aṣọ oníbàárà, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó lọ, àwa ọmọ iṣẹ́ tú àwọn báàgì Gáná-mọ́ọ̀sìgò sílẹ̀: léèsì, àǹkárá, ìró tí kò ní bùbá, apá ẹ̀wù tí a ò mọ ara tó ti wá. Obìnrin méjì di léèsì aláwọ̀ ewé kan mú, wọ́n ń fà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń búra. Ẹnìkan ní òun ti san gbogbo owó, ẹnìkan ní ààbọ̀ ló kù. Ọmọ ọ̀gá wa, ọmọ ọdún 19, jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ, ó ń sunkún, kì í ṣe ẹkún ìyá rẹ̀ ló ń sun mọ́.

Mi ò dúró de ìwàásù kankan lẹ́yìn ìyẹn. Aṣọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, píìnì ni mo fi ń kan ìwé mọ́ ọn kó tó kúrò lórí tábìlì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí wọ́n san, iye tó kù, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Sátidé, mo ń san owó ọmọ tó ń bá mi ṣe wíìfù àti ti ẹni tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì kí n tó tilẹ̀kùn. Léfítíkù 19 ní kí owó alágbàṣe má sùn lọ́wọ́ wa di òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ẹsẹ yẹn sí ọ̀rọ̀ owó. Òru ni èmi ń wò níbẹ̀.

Ẹ rántí Dọ́káàsì ará Jópà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9. Nígbà tó kú, àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń na ẹ̀wù àti aṣọ tó ń rán hàn án. Mo máa ń rò ó pé ọ̀kan nínú aṣọ yẹn á ṣì ní abẹ́rẹ́ lára. (Télọ̀ ni mí, ibi tí ojú mi máa ń lọ nìyẹn.) Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó rán gbogbo rẹ̀ tán.

Èmi náà kì í ṣọmọdé mọ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ iṣẹ́ kan tó máa lo ọdún mẹ́ta. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí mo bá kú kí ọmọ tó gba fúrídọ̀mù, ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ìsọ̀ kejì ló máa kọ́ ọ parí. A kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ti fọwọ́ sí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i. Inú kọ́kọ́ bí ìyá ọmọ, ó ní ṣé mò ń pe ikú ni. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló ń sọ lásọtúnsọ. Mo ní àmín, mo na báírò sí i.

Bàbá, ẹ gbin kòkó yín. Àmọ́ ta ló ni ilẹ̀? Ẹ ní bàbá yín fi sílẹ̀ "fún wa". Àwọn wo ni? Ṣé àwọn àbúrò yín mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe? Ta ló máa bá yín ṣọ́ oko, kí sì ni àdéhùn ẹ̀yin àti ẹni yẹn? Ta lẹ jẹ lówó? Ta lẹ ń bínú sí? Àwọn yẹn ni kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà òjò. Kòkó lè dúró.

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà:

Kúkúrú ni tèmi. Bàbá, ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò gbẹ̀yìn? Mi ò mọ ohun tó pa ọ̀rẹ́ yín, mi ò sì ní méfò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Bó bá ń wà ní 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, léraléra, ẹ rí dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo oògùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ààwẹ̀ dá a dúró láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Mo ti gba irú wọn sí wọ́ọ̀dù, ẹnu ti wọ́, apá kan ò gbéra, ìwé àdúrà ààwẹ̀ ṣì wà nínú báàgì. Ìgbàgbọ́ wọn ò kéré. Mi ò ṣáà rí ibi tí Bíbélì ti ní ká fọwọ́ ara wa gé ọjọ́ wa kúrú.

Ọmọ Ọ̀wọ̀:

Mo fẹ́ kà á kí n kọjá lọ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ìjọ Kátólíìkì St. Francis. Àwọn agbébọn wọlé tọ àwọn tó wá jọ́sìn, àwọn tó kú tó 40, ọmọdé wà nínú wọn. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ ìlú wa ò tóbi. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan nínú wọn á mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo sì gbọ́ pẹ̀lú etí mi bí ẹnìkan ṣe ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀.

Irú ẹjọ́ yẹn ni wọ́n mú wá bá Jésù ní Lúùkù 13, ọ̀rọ̀ àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa nídìí ẹbọ wọn. Òun fúnra rẹ̀ fi àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa kún un. Ó ní wọn ò jẹ̀bi ju àwọn yòókù lọ, ó sì ní kí àwọn tó ń gbọ́ ronú pìwà dà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ń pa Bíbélì dé. Ẹ kà á síwájú. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so fún ọdún mẹ́ta. Olóko ní kí wọ́n gé e. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ní, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí náà, kí n tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí n fi ajílẹ̀ sí i. Láti orí ikú òjijì, Jésù bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ kí wọ́n fi wàásù níbi ìsìnkú rí.

Tíṣà Òkè-Àró:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, mo ti lọ. 152 lókè, 94 nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá kí wọ́n tún un wò, kí n sì dín iyọ̀ kù. Ìyàwó mi ti kó Maggi pamọ́.

Ajíhìnrere, mi ò fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré. Wòlíì Babalọlá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ àwọn kan dúró ti róólà, wọ́n tẹ ọ̀nà náà parí, òun sì ni àwọn èèyàn ń gbà lọ ṣe àdúrà ní Ìkéjì-Arákejì, níbi tí ìpè ti dé bá a, títí dòní. Bí ìpè bá dé fún mi bó ti dé fún un, n óò ju àdá sílẹ̀. Kó tó dé, ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà ni mo dì mú. Ariwo ti gba ìjọ kan pé ọjọ́ Olúwa ti dé, àwọn kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ni wọ́n ń rò kiri. Ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ní jẹ́jẹ́, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ara wọn. Owó ìwé ìléwọ́, n óò mú díẹ̀ wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyá Télọ̀, ìbéèrè yín gba oorun lójú mi. Àwa mẹ́rin ni bàbá wa bí. Mo ti pe àwọn yòókù. Àbúrò mi obìnrin tó wà l'Óńdó ní láti ìgbà ìsìnkú bàbá lòun ti ń dúró kí ẹnìkan dá ọ̀rọ̀ oko yẹn sílẹ̀. Mo wá rántí Jeremáyà 32, tí mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ará Bábílónì ti ká Jerúsálẹ́mù mọ́. Jeremáyà wà ní àhámọ́, òun ló sì ń pariwo pé ìlú máa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, tó ti sọ ṣáájú pé ìgbèkùn á tó 70 ọdún. Ìgbà yẹn ni ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ wá ní kó ra oko Ánátótì. Ó rà á, ṣékélì fàdákà 17. Ó wọn owó náà lórí òṣùwọ̀n, ó pe ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé, èyí tí wọ́n fi èdìdì dì àti èyí tó ṣí sílẹ̀, ó ní kí Bárúkù kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun ló máa kórè níbẹ̀, ó ṣì wọn fàdákà pé.

Ìwé tiwa náà, ẹ̀dà mẹ́rin la máa ṣe. Orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà níbẹ̀, ààlà oko láti ìdí òkúta dé ìdí ìrókò, ìpín ẹni tó máa bá wa ṣọ́ oko (ìdá kan nínú mẹ́ta la ń wò), àti bí wọ́n ṣe máa ṣe é bí èmi tí mo kó owó sílẹ̀ bá ṣáájú. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp fún òun. Kò sọ̀rọ̀ títà mọ́. Bóyá ó ti sú u ni.

Ó ku ẹnìkan tí mo máa ń yà fún lójú ọ̀nà. Ìyẹn ò kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ dà? Gbogbo ẹsẹ Bíbélì la ti kà tán, kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ oko fún mi.

Àgbẹ̀ Ilé-Olújì:

Mo wà ńbí, bàbá. Mo ní kí àwọn oníwàásù parí tiwọn ná.

Ẹ má gé arúgbó igi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín oko sí apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa gé apá kan lọ́dọọdún, kí àwọn tó kù ṣì máa mú díẹ̀ wá. Àfòmọ́ tó wà lórí wọn, ẹ ké e kúrò kó tó so, torí ẹyẹ ló ń gbé hóró rẹ̀ kiri. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ọmọ kòkó ò lè fara da oòrùn, abẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa gbé dàgbà. Àyè ewédú wà láàárín rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ àgbà ìjọ yẹn lọ́rùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, bó bá pé bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, ẹ ó máa tà á, ẹ ó sì rí owó ro oko.

Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni kí ẹ kó ọmọ kòkó lọ sóko, ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín igi kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ gbin hóró fúnra yín, inú èso tó pọ́n ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ sì gbìn ín sínú ọ̀rá kíákíá. Hóró kòkó tó bá ti jáde nínú èèpo kì í pẹ́ kú. Àmọ́ ó sàn kí ẹ béèrè irú tuntun lọ́wọ́ àwọn CRIN tó ń ṣe ìwádìí kòkó n'Ídì-Ayunrẹ́, n'Íbàdàn. Àwọn yẹn ń tètè so ju ti àwọn bàbá wa lọ.

Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pa ọmọ kòkó jù. Ṣé odò wà nítòsí oko yẹn, àbí Aládé lẹ ó ti máa gbé omi?